Wàrà Kíkan àti Ọ̀rá Inú Ẹ̀jẹ̀: Ẹ̀kọ́ tí Ìtàn Ejìnrìn Kọ́ Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó gbòde lóde òní láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, tí ó yẹ kí a wo ẹ̀yìn dáadáa kí a tó gbà á gbọ́. Wọ́n ní wàrà kíkan, ìbáà ṣe nọ́nọ̀ inú igbá àwọn Fúlàní tàbí yógọ́ọ̀tì inú ike, a máa fọ ọ̀rá kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rá yìí ni àwọn oníṣègùn ń pè ní kọlẹ́sitẹ́rọ́ọ̀lù. Wọ́n ní ẹni tí ó bá ń mu wàrà kíkan ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́ kò ní ohun tí yóò fi hóró oògùn ṣe mọ́. Àwọn mìíràn sì ti torí ọ̀rọ̀ yìí pa oògùn tì.

Bí ẹ bá bá àwọn àgbà kan ní Ejìnrìn jiyàn lórí rẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọn yóò bi yín: "Nígbà tí Ejìnrìn jẹ́ Ejìnrìn, ta ní ń gbé oògùn mì nítorí ọ̀rá?" Ẹ̀yin òǹkàwé, ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ìṣègùn, ìbéèrè ìtàn ni. Èmi kì í ṣe ọmọ ilé ìwé ìṣègùn. Èdè ni mo ń kọ́, àwọn ènìyàn mi sì jẹ́ ará etí ọ̀sà. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé mo lè gbìyànjú láti dáhùn. Kí ni àwọn ará Ejìnrìn ń jẹ, kí ni wọ́n sì ń mu láyé àtijọ́? Ìgbà wo ni wàrà dé ọ̀dọ̀ wọn? Níbo sì ni ọ̀rọ̀ pé wàrà kíkan ń ṣẹ́gun ọ̀rá ti ṣẹ̀ wá? Bí a bá rí ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ó mọ ibi tí òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, a ó sì mọ ibi tí àbùmọ́ ti wọ̀ ọ́.

Ẹni tí ó bá dé Ejìnrìn lónìí, tí ó rí ìlú tí kò tóbi létí omi, lè má mọ̀ pé ọjà ibẹ̀ wà lára àwọn ọjà ńlá etí ọ̀sà Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ejìnrìn jẹ́ ẹnu ọ̀nà Ìjẹ̀bú sí ojú omi. Àwọn oníṣòwò Èkó a kó iyọ̀, aṣọ òyìnbó, ọtí òyìnbó, ìbọn àti ẹ̀tù sínú ọkọ̀, wọn a tukọ̀ lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, wọn a kọjá Ìkòròdú, wọn a gúnlẹ̀ sí Ejìnrìn. Àwọn Ìjẹ̀bú a ru epo pupa, èkùrọ́, aṣọ òfì àti oúnjẹ oko wá pàdé wọn. Àwọn Ìjẹ̀bú ni alágbàtà. Wọn kì í fẹ́ kí ará Èkó kọjá ọjà lọ sí òkè, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í fẹ́ kí ará òkè sọ̀kalẹ̀ wá bá ará Èkó ṣòwò ní tààrà. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà tí wọ́n ń tì yìí wà lára ohun tí ó fa ogun oṣù karùn-ún ọdún 1892, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ́n. Lẹ́yìn ogun náà, ọ̀nà là láti Ejìnrìn gba Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí rélùwéè ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí gba orí irin lọ. Nígbà tí ọ̀nà mọ́tò sì tún dé, ọjà Ejìnrìn kò rí bí ó ti rí mọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà wo àwọn ẹrù tí mo kà sílẹ̀ yẹn. Epo wà níbẹ̀, iyọ̀ wà níbẹ̀, aṣọ wà níbẹ̀. Ẹ kò rí wàrà. Kì í ṣe pé mo gbàgbé rẹ̀. Wàrà kì í ṣe ọjà Ejìnrìn, nítorí pé màlúù oníké tí àwọn Fúlàní ń fún wàrà rẹ̀ kò lè gbé ní igbó etí ọ̀sà. Eṣinṣin tsetse ni kò jẹ́. Eṣinṣin yìí a máa gbé àìsàn kan kiri tí ń gbẹ ẹ̀jẹ̀ màlúù títí yóò fi kú. Irú màlúù kan wà, kúkúrú, tí kò ní iké, tí àwọn Haúsá ń pè ní muturu. Àìsàn náà kì í tètè pa á. Ṣùgbọ́n wàrà rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹran rẹ̀ ni àwọn tí ń sìn ín ń fẹ́. Nítorí náà, láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ilẹ̀ wàrà jìnnà sí ilẹ̀ ẹja.

Èdè pàápàá jẹ́rìí sí i. Nínú èdè Yorùbá, wàrà ni omi tí a fún lára màlúù, wàrà náà sì ni èyí tí ó ti dì, tí a ń gé sí wẹ́wẹ́ tí a sì ń dín. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìyàtọ̀ sí i ní láti fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un. Orúkọ àwọn oríṣi yòókù, ọ̀dọ̀ àlejò ni a ti yá wọn. Nọ́nọ̀ ti ọ̀dọ̀ Haúsá wá. Ní èdè tiwọn, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún ọmú àti fún wàrà. Fúrá náà, Haúsá ni. Yógọ́ọ̀tì ti èdè àwọn ará Tọ́kì wá kí ó tó gba ẹnu òyìnbó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn Fúlàní tí wọ́n ni màlúù ń pe wàrà ní kosam, wọ́n sì ní orúkọ ọ̀tọ̀ fún èyí tí ó kan. Ẹ wá bi àwa ará etí ọ̀sà léèrè orúkọ ẹja, àwọ̀n, ìgèrè àti ọkọ̀. Ilẹ̀ yóò ṣú kí a tó kà wọ́n tán. Ohun tí ènìyàn bá ń bá gbé ni ó ń fún ní orúkọ.

Kí wá ni àwọn baba wa ń mu tí ó kan? Omi ògì ni. Àgbàdo ni wọ́n ń rẹ sínú omi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, tí wọ́n ń lọ̀, tí wọ́n ń sẹ́, tí wọ́n sì ń fi sílẹ̀ kí ó kan. Ẹnì kan kò sọ fún wọn pé àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín tí ojú kò lè rí ni ó ń mú un kan. I. A. Akinrele ti ilé ìwádìí ìjọba ní Òṣòdì ni ó tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí wọn jáde ní 1970. Ó rí i pé èyí tí ó jẹ́ aṣáájú nínú wọn ni Lactobacillus plantarum, tí ó jẹ́ ìbátan gidi sí àwọn tí ń mú wàrà kan nínú igbá Fúlàní. Nítorí náà, ará Ejìnrìn tí ó ń mu ẹ̀kọ gbígbóná ní òwúrọ̀, tí ó sì ń fi omi ògì po àgbo, ti mọ ohun kíkan dáadáa. Gàrí Ìjẹ̀bú pàápàá, kíkan rẹ̀ ni iyì rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí kò sí níbẹ̀ ni màlúù.

Ìgbà wo wá ni wàrà dé? Díẹ̀díẹ̀ ni ó dé, ọ̀nà mẹ́ta ni ó sì gbà wọlé. Ọ̀nà kìíní ni rélùwéè. Nígbà tí ó kan Kánò ní 1911, ó rọrùn láti kó màlúù láti òkè Ọya wá sí Èkó fún pípa. Ẹran pọ̀ sí i lọ́jà, ojú wa sì bẹ̀rẹ̀ sí mọ màlúù àti àwọn tí ń dà á. Ọ̀nà kejì ni agolo. Mílíìkì alágolo ti òkè òkun dé, ó sì di ohun tí a ń fi sí tíì àti sí ògì. Lẹ́yìn òmìnira, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pò ó nílé: ilé iṣẹ́ Fan Milk dé Ìbàdàn ní 1961, wọ́n sì dá ilé iṣẹ́ West African Milk Company sílẹ̀ ní Èkó ní 1973. Mílíìkì alátẹ́gùn láti òkè òkun ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀nà kẹta ni àwọn Fúlàní fúnra wọn. Ọ̀dá ńlá tí ó dá ní ìhà aṣálẹ̀ ní nǹkan bí 1972 sí 1974 lé ọ̀pọ̀ darandaran sọ̀kalẹ̀ wá sí gúúsù. Igbó ti dín kù, eṣinṣin ti dín kù, oògùn màlúù sì ti wà. Bẹ́ẹ̀ ni igbá wàrà ṣe dé àwọn ibi tí baba ńlá wa kò ti rí i rí.

Nígbà tí wàrà dé, ó bá inú wa ní àìròtẹ́lẹ̀. Níhìn-ín ni mo ti fẹ́ dárúkọ ọmọ Yorùbá kan. Olikoye Ransome-Kuti, tí a bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1927, tí ó di mínísítà ètò ìlera láti 1985 títí di 1992, jẹ́ olùkọ́ ìṣègùn ọmọdé ní Yunifásítì Èkó nígbà tí òun àti Norman Kretchmer ará Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1971. Wọ́n fún Yorùbá, Ìgbò, Haúsá àti Fúlàní ní ṣúgà inú wàrà mu, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò láti mọ̀ bóyá ìfun wọn dà á. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àgbàlagbà Yorùbá àti Ìgbò ni kò lè dà á. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn Fúlàní darandaran dà á láìsí wàhálà. Ọmọ ọwọ́ ni ara ti ń pèsè ohun tí ń da ṣúgà yìí. Nígbà tí ọmọ bá já lẹ́nu ọmú, lọ́dọ̀ tiwa, ìpèsè náà a dín kù. Lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ti ń gbé láàárín màlúù fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ó ń bá wọn lọ títí di ọjọ́ ogbó. Ìdí nìyí tí wàrà tútù fi ń ru inú ọ̀pọ̀ wa, tí nọ́nọ̀ kì í fi í ru ú tó bẹ́ẹ̀. Bí wàrà bá ti ń kan, àwọn ohun abẹ̀mí inú rẹ̀ ti jẹ lára ṣúgà náà, wọ́n sì ti sọ ọ́ di kíkan. Èyí jẹ́ oore gidi tí wàrà kíkan ń ṣe fún wa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀rá.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ ọ̀rá ti ṣẹ̀ wá. Ní 1905, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Bọ̀lgéríà kan, Stamen Grigorov, tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú Geneva, rí ohun abẹ̀mí kan nínú wàrà kíkan ìlú rẹ̀. Ilya Metchnikoff, ọmọ Rọ́ṣíà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Pasteur ní Párísì, gbọ́ nípa rẹ̀. Ó rí i pé àwọn àgbẹ̀ Bọ̀lgéríà tí ń mu wàrà kíkan a máa pẹ́ láyé, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé wàrà náà ni ó ń fa ẹ̀mí gígùn. Nítorí pé ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1908, ayé fetí sí i, wàrà kíkan sì di oògùn ní Yúróòpù. Òun fúnra rẹ̀ mu ún fún ọdún púpọ̀. Ó kú ní 1916, ní ẹni ọdún 71. Ẹ kíyè sí i pé kò mẹ́nu kan ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Inú ìfun ni ọkàn rẹ̀ wà. Ọmọ Rọ́ṣíà mìíràn, Anitschkow, ni ó fi hàn ní 1913 pé bí a bá ń fi kọlẹ́sitẹ́rọ́ọ̀lù bọ́ ehoro, iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò dí.

Ọ̀rọ̀ méjèèjì, wàrà kíkan àti ọ̀rá, pàdé ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ní 1962, Gerald Shaper kọ̀wé nípa àwọn Samburu ti Kẹ́ńyà. Ní 1964, George Mann ará Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa àwọn Màsáì. Darandaran ni àwọn méjèèjì. Wàrà àti ẹran ni oúnjẹ wọn, púpọ̀ nínú wàrà náà sì ti kan nínú akèrègbè. Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ ìgbà náà, ó yẹ kí ọ̀rá kún inú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rá náà kéré, àìsàn ọkàn sì ṣọ̀wọ́n láàárín wọn. Ẹnu ya àwọn onímọ̀. Ní 1974, Mann àti Spoerry tẹ ìwádìí mìíràn jáde. Wọ́n ti fún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Màsáì ní wàrà kíkan púpọ̀ lójoojúmọ́; wọ́n fi èròjà kan sí ti àwọn kan nínú wọn, tí wọ́n rò pé yóò mú ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ wọn pọ̀ sí i. Ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ àwọn ìhà méjèèjì ni ó dín kù. Láti ìgbà náà ni òkìkí ti kàn pé ohun kan wà nínú wàrà kíkan tí ń dín ọ̀rá kù.

Ohun tí àwọn tí ń pariwo wàrà kì í sọ ni ìwádìí tí Mann kan náà ti tẹ̀ jáde ní 1972. Ó yẹ ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ àwọn ọkùnrin Màsáì 50 tí wọ́n ti kú wò. Kò bá iṣan wọn ní mímọ́. Ọ̀rá ti lẹ̀ mọ́ ọn bí ó ti ń lẹ̀ mọ́ ti àwọn arúgbó Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n iṣan náà ti fẹ̀, ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ fi ń rí ọ̀nà kọjá láìsí ìdíwọ́. Kí ni ó mú un fẹ̀? Mann gbà pé ìrìn ni. Màsáì kì í jókòó. Láti ìgbà ọmọdé ni ó ti ń tẹ̀lé màlúù kiri ọ̀dàn.

Ìtàn yìí kan náà ni a tún rí nílé. Ní 2001, Robert Glew àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn Fúlàní darandaran òkè Ọya. Nǹkan bí ìdajì agbára tí ara wọn ń rí láti inú oúnjẹ, láti inú ọ̀rá ni ó ti ń wá, irú ọ̀rá tí dókítà ń kìlọ̀ nípa rẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wọn kò fi ewu àìsàn ọkàn hàn. Àwọn olùwádìí náà kò gbé adé fún wàrà. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ nítorí pé àwọn Fúlàní ń ṣiṣẹ́ ara púpọ̀, àti pé gbogbo oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ kò pọ̀. Ẹni tí ó bá mu nọ́nọ̀ Fúlàní láìrin ìrìn Fúlàní, ìdajì oògùn ni ó lò.

N kò sọ pé wàrà kíkan kò lágbára kankan. Àwọn onímọ̀ ti wá ọ̀nà tí ó lè gbà ṣiṣẹ́. Kọlẹ́sitẹ́rọ́ọ̀lù ni ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe òróòro. Òróòro a sọ̀kalẹ̀ sínú ìfun láti bá wa da ọ̀rá oúnjẹ, lẹ́yìn èyí ara a tún fa púpọ̀ nínú rẹ̀ padà láti tún un lò. Díẹ̀ nínú àwọn ohun abẹ̀mí inú wàrà kíkan a máa tú òróòro yìí palẹ̀, kí ó lè bá ìgbẹ́ jáde. Ẹ̀dọ̀ yóò wá ní láti mú kọlẹ́sitẹ́rọ́ọ̀lù mìíràn láti inú ẹ̀jẹ̀ kí ó lè ṣe òróòro tuntun. Ọ̀nà náà dára lójú ìwé. Nígbà tí a bá wá wọ̀n ọ́n lára ènìyàn, kò pọ̀. Ní Dẹ́ńmáàkì, ìwádìí kan tí ó jáde ní 1995 fi hàn pé ọ̀rá búburú inú ẹ̀jẹ̀ dín kù láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣe òmíràn fún oṣù mẹ́fà, tí ó jáde ní ọdún kejì, àwọn tí a fún ní wàrà tí kò ní ohun abẹ̀mí náà nínú fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àwọn yòókù dọ́gba nígbà tí ìwádìí parí. Bí a bá kó ọ̀pọ̀ ìwádìí pọ̀, ohun tí wàrà kíkan ń mú kúrò kò ju nǹkan bí 4 tàbí 5 nínú 100 lọ. Oògùn tí dókítà ń fúnni a máa mú 30 sí 50 nínú 100 kúrò lára ọ̀rá búburú. Erin àti èkúté ni.

Ibì kan ṣì kù tí ó dà mí láàmú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ní 1992 ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí fi àwọn àgbà Yorùbá àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn wé àwọn àgbà aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìdíkàn kéré sí ti àwọn ará Indianapolis. Àwọn ará Ìdíkàn kì í ṣe Fúlàní, wọn kì í sì í fi wàrà ṣe oúnjẹ. Àmàlà, ẹ̀kọ, ewébẹ̀, ẹran tí kò tó nǹkan àti ẹsẹ̀ tí ń rìn ni wọ́n mọ̀. Epo pupa wà nínú ọbẹ̀ wọn, bí ó ti wà nínú ọbẹ̀ Ejìnrìn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ nítorí àwọn tí ń bú epo: kọlẹ́sitẹ́rọ́ọ̀lù kì í ti inú igi wá, ara ẹran ni ó ń gbé. Òótọ́ ni pé epo pupa púpọ̀ lè mú kí ẹ̀dọ̀ wa fúnra rẹ̀ pèsè rẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ṣíbí epo kan se ewébẹ̀ tí ó kún ìkòkò, kò ṣẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ̀jẹ̀ àwọn baba wa bá mọ́, láìmu wàrà ni ó fi mọ́.

Mo ní "bí ẹ̀jẹ̀ wọn bá mọ́", nítorí pé ẹnì kan kò yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Níhìn-ín ni ìdáhùn sí ìbéèrè àwọn àgbà wà. Nígbà tí Ejìnrìn jẹ́ Ejìnrìn, ẹnì kan kò gbé oògùn mì nítorí ọ̀rá, nítorí pé kò sí oògùn, kò sí àyẹ̀wò, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ pé ọ̀rá lè dí iṣan. Nínú ẹbí tiwa, wọ́n ń sọ ìtàn bàbá kan tí ó ti ìdí ọkọ̀ dé ní ìrọ̀lẹ́, tí ó ní òógùn ń bo òun, tí ó jókòó sórí ẹní, tí kò sì dìde mọ́. Wọ́n ní ayé ni ó pa á. Wọ́n tilẹ̀ dárúkọ obìnrin kan, obìnrin náà sì kó kúrò ní àdúgbò nítorí ojú tí wọ́n fi ń wò ó. N kò mọ ohun tí ó pa bàbá yẹn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọkàn a máa dáwọ́ dúró báyẹn, àti pé àìmọ̀ wa a máa ru ẹ̀sùn lé aláìṣẹ̀ lórí. Kí a tó fi ayé àtijọ́ yangàn, ó yẹ kí a rántí iye ènìyàn tí ó kú, tí a kò mọ ohun tí ó pa wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí wọ́n ń gbé Ejìnrìn, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n pa oògùn tì. Dókítà ti sọ fún wọn pé ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn pọ̀, ẹ̀jẹ̀ wọn sì ń ru. Wọ́n lo oògùn fún oṣù mélòó kan, wọ́n wá jù ú sínú àpótí, wọ́n ń mu yógọ́ọ̀tì. Mo wí fún wọn pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tí oògùn yẹn ti wá?" Mo sọ ìtàn Akira Endo fún wọn, ọmọ Jàpáànì kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀. Ó yẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ohun tí í bo oúnjẹ tí ó ti bu wò, títí ó fi rí ọ̀kan lára ìrẹsì ní ìlú Kyoto, tí ń ṣẹ́gun kọlẹ́sitẹ́rọ́ọ̀lù. Ní 1976 ni ó tẹ ìwádìí náà jáde, láti ibẹ̀ ni irú oògùn yìí sì ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ṣé ohun tí ó bu lára ìrẹsì ni wọ́n fi ṣe é?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ọmọ ìyá kíkan ni bíbu, pé oògùn náà àti wàrà kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Wọ́n ní kí n bá wọn gbé e wá láti inú àpótí. Wọn kò fi wàrà sílẹ̀, n kò sì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ohun tí mo bẹ̀ wọ́n fún ni kí wọ́n ra èyí tí kò ní ṣúgà, nítorí pé púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń gbé kiri nínú ike, ṣúgà ni ó pọ̀ nínú rẹ̀, àwọn mìíràn sì ni a ti sè tó bẹ́ẹ̀ tí ohun abẹ̀mí kankan kò sí nínú wọn mọ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ohun tí mo rí kọ́ nínú ìtàn yìí kò ju mẹ́ta lọ. Èkíní, wàrà kíkan dára. Ó rọ inú wa lọ́rùn ju wàrà tútù lọ, ó sì lè dín ọ̀rá kù díẹ̀. Ẹni tí ó bá ní owó rẹ̀, kí ó mu ún láìfi ṣúgà sí i. Ẹni tí kò ní owó rẹ̀, kí ó má ṣe rò pé òun pàdánù ohun kan tí àwọn baba rẹ̀ ní. Ẹ̀kọ àti ẹja ni wọ́n jẹ. Èkejì, àwọn tí wàrà gbè, Màsáì àti Fúlàní, ẹsẹ̀ wọn ni ó kọ́kọ́ gbè wọ́n. Ní ayé ọjọ́sí, ẹni tí ó ń ru epo láti Ìjẹ̀bú-Òde sọ̀kalẹ̀ wá sí Ejìnrìn ń rìn ju darandaran mìíràn lọ. Lónìí, ọ̀kadà ni a ń gùn láti ilé dé ẹnu ọjà. Ẹ̀kẹta, oúnjẹ kì í lé oògùn jáde nílé. Ẹni tí dókítà bá fún ní oògùn, kí ó padà bi dókítà náà léèrè kí ó tó fi í sílẹ̀. Kí ó má ṣe bi aládùúgbò.

Ọjà Ejìnrìn kọ́ wa pé ohun rere a máa ti òkèèrè wá, pé kò sì sí ẹrù tí a kì í tú wò kí a tó sanwó rẹ̀. Ìyá wa tí ó ń ra iyọ̀ lọ́wọ́ ará Èkó a fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Ará Èkó tí ó ń ra epo lọ́wọ́ Ìjẹ̀bú a yẹ ìsàlẹ̀ ìkòkò wò. Bí a bá ṣe irú rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń gbé kiri nípa ìlera wa, a kò ní í sanwó ẹ̀tù fún èédú.